Wọ́n Ní Mo Jí Oògùn: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lórí Òkè Mẹ́rà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú àìfojúkanra láti ọdún mẹ́ta. Mo ti kúnlẹ̀ kí yín níbi tí mo wà yìí kí n tó mú bírò. Ìyá mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Ìyá Àgbà, ẹ kú àdúrà; mo mọ̀ pé ẹ kì í kírun àsúbà kí ẹ má dárúkọ mi. Bùọ̀dá Múfútáù, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ̀yin náà lẹ máa ka èyí sí wọn létí, mo sì bẹ̀ yín, ẹ kà á bí mo ṣe kọ ọ́. Bí ẹ bá dé ibi tó korò, ẹ má fò ó.

Ẹ máa bi ara yín léèrè ìdí tí lẹ́tà Rábíátù fi jáde nínú ìwé ìròyìn, tí kò gba ọwọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé. Bàbá mi, mi ò fọkàn tán ẹni tó ń bọ̀ wálé mọ́. Nọ́ọ̀sì kan wà tí a jọ ń ṣiṣẹ́ níbí, ọmọ Ìbàdàn ni, òun ni mo fi lẹ́tà méjì tó kẹ́yìn rán. Bùọ̀dá kọ̀wé sí mi pé gọ́ọ̀mù ẹnu àpòòwé méjèèjì ò tíì gbẹ nígbà tí wọ́n dé ọwọ́ àwọn, bí ẹni pé ẹnì kan ti tú wọn kà tó tún lẹ̀ wọ́n padà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jà ní gáréèjì Èrúwà pé Rábíátù ọmọ Bàbá Múfútáù jí oògùn ní Sáúdì, pé ó gbé e lọ tà lórí òkè kan báyìí, pé wọ́n sì ti fẹ́ lé e dànù. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ ní gbangba, gbangba náà ni mo fẹ́ ti fèsì. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ́kọ́ ka èyí kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, kó máa kà á lọ.

Ara mi le, ẹ má ṣe àníyàn. Iṣẹ́ ibí ò nira ju èyí tí mo ń ṣe ní Ìdèrè lọ, nígbà tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ àwọn èèyàn, tí mo máa ń fi igi ìṣáná ká a díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ kó má baà já sínú ẹran ara wọn. Ooru ibí ló yàtọ̀ sí tiwa. Ó gbẹ. Bí èèyàn bá ṣílẹ̀kùn lọ́sàn-án, ńṣe ló dà bí ìgbà tó ṣí ojú ààrò búrẹ́dì. Ọgbà kan ni wọ́n kó gbogbo àwa nọ́ọ̀sì sí, bọ́ọ̀sì ló ń gbé wa lọ síbi iṣẹ́, òun náà ló ń gbé wa bọ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí mi ò ní gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é láti àárọ̀ dalẹ́. Ní ti owó, ẹ mọ èyí tí mo ń fi ránṣẹ́, ẹ sì mọ ohun tí náírà ti dà láti ìgbà tí SAP ti dé. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ ni ìdí tí mo fi gba ìsinmi lọ́dún tó kọjá tí mi ò sì wálé. Ìyá mi, ẹ dárí jì mí. Ìlú Nẹ̀pálì ni mo lọ, mo lọ gun òkè.

Ẹni tó jẹ́ ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa nígbà náà ni Sístà Jíìnì, òyìnbó láti Ìlú Ọba, obìnrin gíga tí ara rẹ̀ le, tó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Fọ́tò àwọn òkè ló kún ara ògiri yàrá rẹ̀. Èyí tó máa ń wò jù nínú wọn ni òkè kan tó ń jẹ́ Mẹ́rà. Ó ga ju ẹgbẹ̀rún mẹ́fà mítà lọ, yìnyín ló sì bo gbogbo orí rẹ̀, ṣùgbọ́n Sístà ní kò le bí àwọn òkè ńlá tó yí i ká, pé ẹni tó bá ní ẹsẹ̀ tó dára àti sùúrù lè rìn ín dé òkè téńté. Òun ti gbìyànjú rẹ̀ rí, ó ṣẹ́rí padà. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, kò sì fẹ́ kí òkè náà pa òun lẹ́kún lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá èèyàn méjì tí yóò bá a lọ. Lọ́dì, nọ́ọ̀sì kan láti Filipíìnì tí a jọ ń sùn ní yàrá kan náà, gbà lọ́jọ́ náà gan-an. Ó wá kan èmi.

Mo kọ́kọ́ fura. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìfura, Bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ kì í mu omi nílé àna yín àfi bí ẹni tó gbé e wá bá kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ebè ẹ̀gẹ́ yín láàárọ̀ tí ẹ tún ń kà á nírọ̀lẹ́. Mo bi ara mi pé kí ló rí lára mi? Lóòótọ́, mo ti sọ fún wọn rí pé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo máa ń pọ́n àpáta tó wà lẹ́yìn Ìdèrè láìwọ bàtà. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé Sístà Jíìnì ló ń kọ ìwé nípa iṣẹ́ wa fún àwọn aláṣẹ, lórí ìwé yẹn ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó fún èèyàn ní àdéhùn ọdún méjì mìíràn. Ọ̀nà wo ni mo fẹ́ gbà sọ fún un pé rárá? Mo rò pé ó mú ẹni tí kò ní lè jiyàn. Síbẹ̀, kí n má purọ́ fún yín, ó wù mí. Mo ti ń wo fọ́tò yẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́.

Nígbà tí a dé pápákọ̀ òfurufú ní Kátímáńdù, wọ́n jẹ́ kí Sístà kọjá, wọ́n jẹ́ kí Lọ́dì kọjá. Bí wọ́n ṣe rí páásípọ́ọ̀tù tèmi aláwọ̀ ewé báyìí, wọ́n ní kí n bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n tú báàgì mi dórí aṣọ abẹ́. Wọ́n bá láfún tí Ìyá mi fi ránṣẹ́ nínú ọ̀rá. Ọ̀gá wọn gbé e sókè sí iná, ó ń wò ó, ó ń wò mí. Ìyẹ̀fun funfun lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà! Wọ́n dà á sórí tábìlì, wọ́n fi ọ̀bẹ wá inú rẹ̀. Mo ní oúnjẹ ni. Wọ́n ní tó bá jẹ́ oúnjẹ, kí n jẹ ẹ́. Mo bu láfún gbígbẹ sẹ́nu lójú gbogbo èrò, ó há mi lọ́fun, mo ń wúkọ́, omi ń bọ́ lójú mi, àwọn tó tò sẹ́yìn mi ń nawọ́ sí mi. Wákàtí méjì ni mo lò níbẹ̀. Ìgbà tí mo jáde, Sístà ní kí n má bínú, iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe.

Ọkùnrin tó máa mú wa lọ sórí òkè ti ń dúró dè wá níta. Dáwà ni mo máa pè é nínú lẹ́tà yìí. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ó kúrú, ó tó ọmọ ogójì ọdún, oòrùn ti jó ojú rẹ̀ bí ojú àgbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò pọ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè lọ́wọ́ wa ni páásípọ́ọ̀tù, pé òun fẹ́ fi gba ìwé àṣẹ. Àwọn yòókù kó tiwọn fún un. Èmi tẹ̀ lé tèmi dé ọ́fíìsì náà, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí wọ́n fi dá a padà fún mi, mo sì so ó mọ́ ìdí. Dáwà rí mi bí mo ṣe ń so ó.

Ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gbé wa dé abúlé kan láàárín àwọn òkè, láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan tí a fi rìn. Aláàárù mẹ́rin ló ń ru ẹrù wa. Bí a bá jókòó láti sinmi, Dáwà á máa bá wọn sọ èdè wọn, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín, ó dá mi lójú pé èmi ni wọ́n ń fi ṣẹ̀rín. Láràárọ̀ ló máa ń wá síwájú àgọ́ wa láti béèrè bí a ṣe sùn, bóyá orí ń fọ́ wa, bóyá a tọ̀, àti pé irú àwọ̀ wo ni ìtọ̀ wa ní. Ẹ gbọ́ irú ìbéèrè tí ọkùnrin ń bi obìnrin tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀! Nọ́ọ̀sì ni mí, mo mọ ìdí tí èèyàn fi ń béèrè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Oúnjẹ tí wọ́n bá bù fún mi, mo máa ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ jẹ.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń fúyẹ́ sí i bí a ṣe ń gòkè. Ó dé ibi tó jẹ́ pé bí mo bá de okùn bàtà mi tán, àfi kí n jókòó mí díẹ̀ kí n tó dìde. Níbẹ̀ ni orí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Lọ́dì, tó ń bì. Dáwà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní kí aláàárù kan mú un sọ̀ kalẹ̀ lọ sí abúlé tó wà nísàlẹ̀, kó dúró dè wá níbẹ̀. Lọ́dì sunkún. Mo bá Dáwà jà, mo ní kó jẹ́ kí ó sinmi ọjọ́ kan ná. Ó mi orí. Ó ní òkè kì í dúró de èèyàn, ìsàlẹ̀ ni oògùn. Mo wo ẹ̀yìn Lọ́dì bó ṣe ń lọ pẹ̀lú ọkùnrin tí a kò mọ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé a ti dín kan báyìí, ta ló kàn?

Èmi ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú àpótí oògùn. Oògùn kan wà nínú rẹ̀ tó ṣe pàtàkì ju gbogbo rẹ̀ lọ, èyí tí wọ́n máa ń lò bí ibi gíga bá mú kí ọpọlọ èèyàn wú. Kì í wo àìsàn yẹn sàn. Ó kàn máa ń bò ó mọ́lẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ kí wọ́n lè rí ẹni náà gbé sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹni tó ń ṣàìsàn bá lò ó tó sì ń gòkè lọ, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, ikú sì lè jẹ́ èrè rẹ̀. Káàdì hóró oògùn náà méjì ló wà níbẹ̀ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ méjì. Mo fi bírò kọ lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ mi sẹ́yìn káàdì kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kà wọ́n lójoojúmọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a dé ẹsẹ̀ yìnyín, mo ṣí àpótí, káàdì kan ò sí níbẹ̀ mọ́.

Bàbá mi, ara mi gbóná. Mi ò bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọ̀dọ̀ Dáwà ni mo gbà lọ tààrà, níbi tó ti ń pọ́n irin eléyín tí a máa dè mọ́ bàtà wa. Mo ní kó tú báàgì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo tún un sọ, mo sì nawọ́ sí báàgì náà lójú àwọn aláàárù rẹ̀. Sístà Jíìnì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sọ pé kí n tú u, kò sì sọ pé kí n má tú u. Ó kàn yísẹ̀ padà, ó lọ bọ́jú.

Dáwà tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, ó kó ohun ìní rẹ̀ sórí rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n ti rán lójú ihò. Iyọ̀ nínú bébà. Wàrà gbígbẹ tó le bí òkúta. Ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà. Fọ́tò ọmọbìnrin mẹ́ta nínú yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé. Ó yí àpò ṣòkòtò rẹ̀ síta, ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gbọn ún. Kò sí oògùn kankan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn padà, kò kánjú, ó fi fọ́tò yẹn sáàárín aṣọ kó má baà ká. Kò gbójú sókè wò mí. Mo mọ ojú yẹn. Ojú tí mo gbé rìn kúrò nídìí tábìlì ní pápákọ̀ òfurufú nìyẹn. Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mi ò ṣe é. Ohun tí mo sọ lọ́kàn mi ni pé ó ti gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn aláàárù.

Lọ́jọ́ kejì a gòkè lọ pàgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta kan láàárín yìnyín. Èmi àti Sístà la jọ wà nínú àgọ́ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí kò pani lẹ́rìn-ín, kò sì fọwọ́ kan oúnjẹ rẹ̀. Mo bi í bóyá orí ń fọ́ ọ. Ó ní orí òun ò mọ́lẹ̀ tó báyìí rí láyé òun. Mo gbà á gbọ́. Ojú ìfura mi wà lára ẹlòmíràn.

A gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Okùn kan ló so àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Dáwà níwájú, Sístà láàárín, èmi lẹ́yìn. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin, a ó dúró mí. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Nígbà tí oòrùn yọ, ó yọ sísàlẹ̀ ẹsẹ̀ wa, Bàbá mi. Àwọn òkè tí mo ti ń gbórí sókè wò láti ọjọ́ yìí wá tò sílẹ̀ bí òkìtì ọ̀gán nínú oko. Otútù náà ń mú irun imú mi le. Mo sunkún díẹ̀, mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo rí orí òkè náà lọ́ọ̀ọ́kán, kò jìnnà ju láti ilé wa dé ojú ọjà lọ.

Ìgbà yẹn ni Dáwà dúró, ó yíjú padà, ó wo Sístà pẹ́. Ó ní a ó sọ̀ kalẹ̀.

Inú bí Sístà. Ó ní ara òun yá, pé ọkùnrin yìí ọ̀lẹ ni. Ó wá kọjú sí mi, ó ní èmi ni nọ́ọ̀sì òun, kí n sọ fún un pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn: mo rò pé Dáwà ń gbẹ̀san báàgì tí mo tú ni, pé ó fẹ́ gba òkè yẹn lọ́wọ́ mi nígbà tí ó ku díẹ̀. Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Sístà. Mo rò ó pé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìwé iṣẹ́ mi wà. Ẹnu mi ti là.

Ṣùgbọ́n mo ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ẹ̀yìn fún bíi wákàtí kan, ẹsẹ̀ náà sì ń kọ́ ara wọn. Mo ti rí i, mo kàn ń sọ fún ara mi pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Mo sún mọ́ ọn. Mo na okùn sílẹ̀ lórí yìnyín, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ lọ, kó máa fi gìgísẹ̀ kan ìka ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ kejì ló ṣubú. Mo bi í ní orúkọ wọ́ọ̀dù wa. Ó sọ orúkọ ìlú kan tí mi ò gbọ́ rí. Ó fẹ́ wá nǹkan nínú àpò kóòtù rẹ̀, ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ohun tó fà yọ bọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Káàdì oògùn ni, gbogbo ojú rẹ̀ ti ṣófo. Mo yí i padà. Lẹ́tà orúkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀, tí mo fi bírò kọ.

Ó ti ń lò ó láti ìsàlẹ̀, kí Dáwà má baà rí àìsàn rẹ̀ kó dá a padà bíi ti Lọ́dì. Gbogbo ẹ̀rín yẹn, oògùn ló ń rẹ́rìn-ín.

Mi ò rántí pé mo wo orí òkè náà mọ́. Abẹ́rẹ́ méjèèjì wà nínú àpò àyà mi, mo fi ọ̀kan há abíyá kó lè yọ́, mo gún un fún un ní itan láti orí ṣòkòtò. Dáwà fi okùn ṣe bí ọ̀já, ó sì pọ̀n ọ́n bí ọmọ, obìnrin tó fi orí àti ọrùn ga jù ú lọ. Ó ní kí n dúró lẹ́yìn, kí n fa okùn le, pé bí ẹsẹ̀ òun bá yọ̀, èmi ni màá dá àwọn méjèèjì dúró. Ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tó tú báàgì rẹ̀. A sọ̀ kalẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló yọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo fi ara mi lulẹ̀, tí mo gbá àáké ìgunkè ọwọ́ mi wọ inú yìnyín, tí okùn dúró. Títí di báyìí, àpá rẹ̀ ṣì wà ní ìbàdí mi.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni ojú Sístà ń wálẹ̀. Nígbà tí a fi dé abúlé tí Lọ́dì wà, ó ti ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Lọ́dì ń bá ìyàwó ilé tó dé sí ṣa ọ̀dùnkún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Ìdí iná ilé yẹn ni mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Dáwà. Mo kúnlẹ̀ bí a ṣe ń kúnlẹ̀ nílé. Ó tijú, ó fà mí dìde kíákíá, ó ní kí n mu tíì.

Ẹ̀ ń rò pé ó parí síbẹ̀. Ní Kátímáńdù, ẹni tó ni ilé iṣẹ́ tó gba Dáwà síṣẹ́ pè wá. Sístà sọ fún un pé Dáwà ló sáré mú wa gòkè jù, pé ọkùnrin náà ló sì fún òun ní oògùn tí òun ò mọ̀. Ó sọ ọ́ láìbojú wẹ̀yìn. Mo wo Dáwà, ó ń wo ilẹ̀. Ọ̀gá náà ní níwọ̀n bí èmi ti jẹ́ nọ́ọ̀sì, kí n kọ ohun tí mo rí sílẹ̀, pé ohun tí mo bá kọ ni òun máa tẹ̀ lé. Sístà bá mi níta. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó dì mọ́ mi, ó dúpẹ́ pé mo gba ẹ̀mí òun là. Lẹ́yìn náà ló ní kí n rántí pé ìwé àdéhùn mi wà lórí tábìlì òun, pé oṣù tó ń bọ̀ ni òun máa fọwọ́ sí i.

Mo kọ òótọ́. Mo kọ nípa káàdì, mo kọ nípa lẹ́tà orúkọ mi tó wà lẹ́yìn rẹ̀, mo kọ bí mo ṣe tú báàgì Dáwà láìnídìí, mo sì fọwọ́ sí i. Dáwà ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà mo ka ìwé náà sí i létí, mo ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè yé e. Ohun kan péré ló bẹ̀ mí pé kí n yọ kúrò. Ó ní kí n yọ ti báàgì yẹn. Ó ní àwọn tó bá kà á ò ní rántí pé wọn ò bá nǹkan kan níbẹ̀. Ohun tí wọ́n máa rántí ni pé wọ́n ti tú ẹrù òun rí nítorí olè. Mo fi bírò pa á rẹ́, mo tún gbogbo ìwé náà kọ. Ṣùgbọ́n mo ti kọ ọ́ síbí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Kí a tó kúrò ní ìlú náà, ọ̀gá rẹ̀ ti fún un ní àwọn àlejò mìíràn láti mú lọ.

Nígbà tí a padà sẹ́nu iṣẹ́, Sístà ò bá mi sọ ọ̀rọ̀ kankan ju ti iṣẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní yàrá ìjẹun pé oògùn sọnù lọ́wọ́ mi níbi ìrìn àjò. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ lójú mi. Mo ní kí wọ́n wá ka kọ́bọ́ọ̀dù oògùn wọ́ọ̀dù wa níwájú mi, wọ́n kà á, ó pé. Kò sẹ́ni tó kéde ìyẹn. Nígbà tí oṣù pé, mátírọ́ọ̀nù ní iye nọ́ọ̀sì tí wọ́n nílò ti pé, pé wọn ò ní tún àdéhùn mi ṣe bí èyí tó wà nílẹ̀ bá parí. Wọn ò kọ ẹ̀sùn kankan sórí ìwé. Ká ní wọ́n kọ ọ́ ni, ǹ bá rí nǹkan dáhùn.

Nítorí náà, Bàbá mi, mò ń bọ̀ wálé. Mi ò ní iṣẹ́ kankan lọ́wọ́. Mo ti kọ̀wé sí ilé ìwòsàn Ìdèrè, wọn ò tíì dá mi lóhùn. Mo ṣì jẹ́ onífura bí ẹ ṣe bí mi; mi ò lè ṣèlérí pé yóò kúrò lára mi. Mo kàn máa ń bi ara mi báyìí pé ta ni mi ò wò rárá, nígbà tí mo tẹjú mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Bí mo bá dé, ẹ má pe àwọn èèyàn jọ, ẹ má pa ẹran. Ẹ jẹ́ kí n wọlé, kí n jẹun, kí n sùn. Ẹni tó bá fẹ́ bi mí ní ìbéèrè, ẹ ní kó wá ojú mi wá, kó jókòó níwájú mi, kó bi mí. Màá dá a lóhùn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, láti orí àgbà dé orí ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn mi tí mi ò tíì rí. Ẹ bá mi kí àwọn ará Ìbẹ̀rẹ̀kódó, ẹ bá mi kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi ní gáréèjì náà. Kí òjò ọdún yìí rọ̀ sí oko yín bó ṣe yẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fi ẹ̀kún rí ara wa. Kí ó jẹ́ kí n bá ẹ̀yin àti Ìyá mi lórí ìjókòó, nínú àlàáfíà. Àmín.

Èmi tí ẹ bí tí ẹ sì tọ́, ọmọ yín,

Rábíátù Àmọ̀kẹ́